Yẹ́sì Tiwa, Yẹ́sì Tiwọn

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí tí ọ̀gá wa gbá létí kì í ṣe ènìyàn. Kọ̀ǹpútà ni. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbàà, bí ẹni ń gbá ọmọ alágídí. Ó ní òpè ni, ó ní láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ń hùwà ará oko. Èmi ni mo jókòó níwájú ẹ̀rọ náà, ìka mi ṣì wà lórí bọ́tìnnì rẹ̀. Mo yẹra díẹ̀ kí ìgbátí tó kù má baà kàn mí.

Ọ́fíìsì wa wà ní òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Niger Street, sítọ́ọ̀ wa sì wà ní ọjà Singer. Mílíìkì alágolo, ṣúgà, ọṣẹ àti tòmátò alágolo ni a ń tà fún àwọn tí ń rà lọ́pọ̀. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún gba ìjọba ni, mílíìkì sì ṣọ̀wọ́n bí ojú. Wọ́n ń fi kóbókò kọ́ wa bí a ṣe ń tò sórí ìlà. Wọ́n ń mú kí àgbà ọkùnrin máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ nínú oòrùn níwájú ìsọ̀ ara rẹ̀, lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Nígbà náà, ìgbátí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Kánò. Èmi náà kì í sì í ṣe ẹni tí wọ́n ń gbá létí tí yóò dákẹ́. Ìyá mi ní nígbà tí òun lóyún mi, ata ni mò ń jẹ nínú ikùn òun.

Kọ̀ǹpútà wa, bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kì í sọ̀rọ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, lẹ́tà rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bí ọjà bá wọlé, o tẹ nọ́ńbà kan. Bí ọjà bá jáde, o tẹ òmíràn. A há àwọn nọ́ńbà náà sórí bí ọmọ ilé kéwú ṣe ń há wálàá rẹ̀. Kò rọrùn rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí o bá ti kọ sínú rẹ̀, o ti kọ ọ́ nìyẹn. Kì í bi ọ́ léèrè nǹkan kan. Àwa mẹ́ta ni à ń lò ó: èmi, ọmọbìnrin Íbò kan tí ilé wọn wà ní Ibo Road, àti Málàm kan láti inú ìlú, onísùúrù ènìyàn tí ó máa ń kí ẹ̀rọ náà ní “sannu” láràárọ̀ kó tó tan iná rẹ̀.

Ọmọ Yorùbá ni ọ̀gá wa, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ ni wọ́n gbé e lọ sí Ìlú Ọba, irùngbọ̀n ló hù kó tó padà wá. Bó bá ń sọ Yorùbá, àfi bí ẹni tí iyán gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló mọ̀, ó sì ń gba imú sọ ọ́. Ó ní nọ́ńbà tí à ń há sórí ló ń fà wá sẹ́yìn, ó sì ránṣẹ́ pe ọkùnrin kan láti Èkó pé kó wá pa ojú kọ̀ǹpútà náà dà. Àwọn méjèèjì ti ara wọn mọ́ inú yàrá fún ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí yóò máa hàn lójú rẹ̀. Ọkùnrin Èkó náà kàn ń kó o sínú ẹ̀rọ ni. Ọ̀gá ló sọ fún wa bẹ́ẹ̀, ó ń yangàn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i, ó pè wá jọ. “User-friendly,” ó ní, ó ń fi ọwọ́ pa ẹ̀rọ tó ti gbá létí lórí. “From today, this machine is your friend.”

“To, aboki ya zo,” ni Málàm wí, pé ọ̀rẹ́ ti dé nìyẹn o. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

N kò ní purọ́, ó kọ́kọ́ wù mí. Ojú rẹ̀ ti di búlúù. Kò sí nọ́ńbà tí a óò há sórí mọ́. Ó to àwọn iṣẹ́ wa sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, a kàn ń mú èyí tí a bá fẹ́ ni. Ó máa ń kí wa ní “Good morning,” bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀sán ti pọ́n. “This one sef get manners pass oga,” ni ọmọbìnrin Íbò náà sọ sí mi létí. Ọ̀gá ní kí a kó gbogbo ìwé tí à ń kọ ọjà sí tẹ́lẹ̀ dànù, pé ẹni tó ní ọ̀rẹ́ tuntun kò nílò àkísà. A sun wọ́n lẹ́yìn ilé.

Nǹkan kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ tí ó ṣàjèjì. Bí ọjà tí o kọ bá kún ojú ewé kan, kọ̀ǹpútà á fi í pamọ́ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ jáde kí ojú ewé náà tó kún, bóyá ọjà ọkọ̀ náà kò pọ̀, tàbí iná ti ń ṣẹ́jú, ẹ̀rọ náà á dá ọ dúró, á bi ọ́ pé: DON’T YOU WANT TO KEEP IT? Pé ṣé o kò fẹ́ fi í pamọ́ ni? Kí o tẹ Y fún yẹ́sì, kí o tẹ N fún nóò.

Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Bí ìyá mi bá ní, “Ṣé o kò tíì jẹun ni?”, tí ebi sì ń pa mí, bẹ́ẹ̀ ni ni n ó wí: bẹ́ẹ̀ ni, n kò tíì jẹun. Bí mo bá ti yó, rárá ni: rárá, mo ti jẹun. Málàm ń ṣe é bẹ́ẹ̀ ní Hausa, àwọn Íbò ń ṣe é bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wa ń ṣe é nínú gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ní Sabon Gari, àdúgbò àwọn àlejò ní Kánò. Ẹ̀rọ náà bi mí bóyá n kò fẹ́. Mo fẹ́. Mo tẹ N. Nóò o, kì í ṣe pé n kò fẹ́, bá mi fi í pamọ́. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, N ni à ń tẹ̀. A kò tilẹ̀ bá ara wa sọ ọ́.

Ọkùnrin tí ń tọ́jú sítọ́ọ̀ wa ní Singer, Bàbá Sítọ́ọ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, Mùsùlùmí, Kánò ló ti hu ewú. Àgbàlá kan náà ni a jọ ń gbé ní Niger Street. Nígbà tí bàbá mi kú, òun ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ táípù, òun náà ló bá mi wá iṣẹ́ yìí. Bí mo bá ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, tí gbogbo àgbàlá ń bẹ̀ mí tí n kò gbọ́, òun nìkan ló lè wí pé, “Haba, ọmọ mi,” kí n sì gbé garawa mi kúrò. N kò ní bàbá mìíràn láyé.

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó ránṣẹ́ sí wa bí ọjà bá jáde. Nígbà yẹn, mílíìkì ń lọ láti Singer sí ẹ̀ka wa ní Gúsáù, díẹ̀díẹ̀, nínú ọkọ̀ ẹni tó bá ní àyè. Àwọn aláàárù á rù ú sínú ọkọ̀, Bàbá á rán ọ̀kan nínú wọn sí wa, àwa á tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà pé ó ti jáde. Nígbà tó ṣe, ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ẹ̀rọ rẹ̀, ó sì rí i pé mílíìkì ṣì kún sítọ́ọ̀. Ó ránṣẹ́ sí sítọ́ọ̀ pé kí wọ́n gbé e wá fún oníbàárà kan. Wọ́n ní kò sí. Fóònù Gúsáù sì ti kú láti ọjọ́ pípẹ́.

“Sà,” ni mo wí, “it has gone to Gusau. I typed it myself.”

“Then where is it?” Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà náà. “The machine does not lie. You people do.”

Ọ̀rọ̀ náà gún mi, ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ sọ? Lóòótọ́, kò sí níbẹ̀. Mo ranjú mọ́ búlúù náà títí omi fi bọ́ lójú mi. Ọ̀gá ní kí n tẹ iye ọjà jáde sórí bébà, kí n sì máa tẹ̀ lé òun lọ sí Singer.

Bàbá Sítọ́ọ̀ jókòó sórí páálí ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi bùtá ṣe àlùwàlá. Ó rí wa, ó dìde, omi ṣì ń kán ní ẹsẹ̀ rẹ̀. “Ẹ káàbọ̀ sà.” Ọ̀gá ré e kọjá. Ó wọlé, ó wo ibi tó yẹ kí mílíìkì wà, ilẹ̀ lásán ló bá. Ó jáde, ó na bébà náà sí Bàbá nímú.

“So you didn’t steal my milk?”

Bàbá, tí kò jí nǹkan kan, da ọwọ́ méjèèjì pọ̀. “Yes sa.”

Ojú ọ̀gá yí padà. “Yes?”

“Yes sa! Wallahi, yes!”

Ìgbátí náà dún tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníṣúgà ẹ̀gbẹ́ wa fi yọjú. Fìlà Bàbá bọ́ sínú omi àlùwàlá. Ọ̀gá tún bi í, ó ń pariwo báyìí, “You did not take it?” Bàbá, ẹni tó tó baba bí i, tún dá a lóhùn kíkankíkan, nítorí ó rò pé ọkùnrin náà kò gbọ́ òun dáadáa: “Yes! Yes sa!” Ìgbátí mìíràn. “He’s admitting it to my face! Thief! Thief!”

Ọ̀gá kò mọ ohun tó wí. Ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ sókè ní Singer. Ẹnìkan gbé e lẹ́nu rẹ̀, ó yí i padà sí Hausa, “Barawo!”, òmíràn gbà á, kí n tó ṣẹ́jú, ọjà náà ti ń dà bọ̀. Àwọn tí kò mọ mílíìkì, tí kò mọ Bàbá, tí ebi ń pa, tí sójà ti nà láàárọ̀, gbogbo wọn rí ẹni tí àwọn náà lè nà.

Wọ́n fi igi nà án. Wọ́n fi bẹ́líìtì nà án. Ẹnìkan gbé òkúta ìwọ̀n. N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ bàtà gogoro ẹsẹ̀ mi. Mo fi gìgísẹ̀ rẹ̀ gún ọkùnrin kan níwájú orí, ó sì yí padà sí mi. Mo gé ọwọ́ kan jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n fa irun mi, wọ́n ya búláòsì mi, mo ń bú wọn ní Yorùbá, mo ń bú wọn ní Hausa, mo ń ké pé bàbá mi ni, bàbá mi ni. Láàárín ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn ni mo ti rí táyà kan tí wọ́n ń yí bọ̀. Mo sì rí pákó kan tí ìṣó wà lórí rẹ̀ nígbà tó balẹ̀ sí ojú òsì Bàbá. N kò ní ṣàpèjúwe ìyẹn fún ẹnikẹ́ni.

Olórí àwọn aláàárù ló gbà á là, ọmọ Hausa gíga kan tí a kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ju ara rẹ̀ lé Bàbá lórí gbalaja, ó ń ké pé, “Mu ne muka ɗauka! Mu ne muka ɗauka!” Àwa la rù ú, ohun tó ń wí nìyẹn, àwa la gbé mílíìkì náà sínú ọkọ̀ Gúsáù. Wọ́n na òun náà, ṣùgbọ́n kò dìde. Ìgbà náà ni àwọn sójà dé. Wọn kò béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Wọ́n na ẹni tí ń nani, wọ́n na ẹni tí wọ́n ń nà, wọ́n na èmi náà lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì, mo ṣì ń gbé àpá rẹ̀ kiri. Ọ̀gá ti wà nínú mọ́tò rẹ̀, ó ti yí gíláàsì sókè.

Àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n gbé Bàbá lọ kí wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù, nítorí olè ṣì lorúkọ rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn láìwọ bàtà. Sájẹ́ǹtì kan tó ti darúgbó sẹ́nu iṣẹ́ náà wò ó, ó mí kanlẹ̀, ó sì bi í ní jẹ́jẹ́: “Papa, so you no thief the milk?”

Ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka tí Bàbá fi bo ojú rẹ̀ jáde. “Yes,” ni ó wí.

Sájẹ́ǹtì mi orí. Ó yíjú sí ẹni tí ń kọ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Write say e no thief am.”

Mo dìde fùú. Yẹ́sì kan náà ni. Ọ̀gá gbọ́ ọ, ó fi pe ọjà lé ọkùnrin náà lórí. Sájẹ́ǹtì gbọ́ ọ, ó ní kò jalè. Lẹ́tí ọ̀gá wa, yẹ́sì túmọ̀ sí pé mo jí i. Kí wá ni nóò túmọ̀ sí lẹ́tí rẹ̀? Ta ló sì kọ ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà wa? Nígbà tí wọ́n ti gba Bàbá sí ọsibítù, tí ìyá mi ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo gba Niger Street lọ bí mo ṣe wà, àti ẹ̀jẹ̀, àti búláòsì yíya.

Ọ̀gá wà ní ọ́fíìsì, ó ń mu omi. N kò kí i. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Málàm àti ọmọbìnrin Íbò náà wá dúró lẹ́yìn mi. Mo kọ páálí ọṣẹ kan pé ó jáde. Mo ní mo ń lọ. Ó bi mí bóyá n kò fẹ́ fi í pamọ́. Mo tẹ N, bí a ti ń ṣe. Mo padà lọ wò ó: kò sí ọṣẹ. Mo tún un kọ. Ó tún bi mí. Mo tẹ Y, ó sì dà bí ìgbà tí mo ń sọ pé kó dà á nù. Mo padà lọ wò ó: ọṣẹ wà níbẹ̀, ó jókòó pẹ̀sẹ̀.

“Inna lillahi,” ni Málàm wí. Ọmọbìnrin Íbò náà bú sẹ́kún. Gbogbo ìgbà tí a ní kí ọ̀rẹ́ wa bá wa fi nǹkan pamọ́, ó dà á sí ìgbẹ́.

Ọ̀gá ti tẹ̀ síwájú, ó ń gba orí èjìká mi wò ó. Ó wá sọ̀rọ̀, kò tilẹ̀ pariwo: “But that is perfectly simple English.”

Mo dìde, mo fọ́ ọ létí. Ìfọ́tí náà le tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ mi fi ń dùn mí di ọjọ́ kejì. Awò ojú rẹ̀ fò sí abẹ́ tábìlì. Ó gbé ọwọ́ sókè láti gbá mi padà, Málàm sì di ọwọ́ náà mú lókè níbẹ̀, ó rọra dì í mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé. “A’a,” ni ó wí. “Ya isa.” Ó tó. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbọ́ tí Málàm pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má retí pé n ó sọ pé mo kábàámọ̀ ìfọ́tí yẹn. N kò kábàámọ̀, mi ò sì ní kábàámọ̀.

Awakọ̀ kan ti Gúsáù dé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní gbogbo mílíìkì náà ti dé, wọ́n ti tò ó. Ọkùnrin Èkó padà wá, wọ́n sì tún ìbéèrè náà kọ. Ó ku ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: KEEP? Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ábídí lè dáhùn rẹ̀. Ọ̀gá dúró lẹ́yìn wa, ó bi wá bóyá ó ti rọrùn láti lò báyìí. Málàm ní ó rọrùn. Ọmọbìnrin Íbò náà ní, “It is okay, sir.” Ojú ènìyàn kan ni wọ́n fi ra ọ̀rọ̀ tó rọrùn yẹn, n kò sì lè tẹ Y kí n má rí i.

Dókítà kò rí ojú òsì náà gbà padà. Bàbá kúrò ní ọsibítù, ó jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbàlá wa, báńdéèjì lójú, ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Kò sọ̀rọ̀ ọjà Singer rárá. Bí ọmọdé bá ju nǹkan lu ilẹ̀, ó máa ń fi ọwọ́ bo orí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mọ́tò ọ̀gá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó gbé páálí mílíìkì wọlé fúnra rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú Bàbá, ó dúró, kò dọ̀bálẹ̀, bóyá wọn kò kọ́ ọ. Ó sọ̀rọ̀ gígùn kan ní gẹ̀ẹ́sì nípa àṣìṣe àti ẹ̀rọ, ó ní ó dun òun. Mo gbà pé ó dùn ún. Ojú rẹ̀ pọ́n. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú Bàbá, ó sì bi í:

“You’re not angry with me, Baba?”

Bàbá fi ojú kan tó kù wò ó.

“No,” ni ó wí.

Èémí tí ọ̀gá mí jáde, gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ Bàbá mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ń mì í, ó ń wí pé “Thank you, thank you.” Bàbá fi ọwọ́ náà sílẹ̀ fún un títí ó fi mì í tán. Ọ̀gá juwọ́ sí gbogbo wa, ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bàbá. Mo ní, “Bàbá, ẹ má bínú pé mo bi yín. Nóò tí ẹ wí fún un yẹn, ṣé tiwa ni àbí ti òyìnbó?”

Ó ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. “Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìgbà wo ni mo dé ìlú òyìnbó?”